Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ẹni tí ó ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́: èwo ni kí a mú?

Aláta Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ìbàdàn ni mo wà. Láti bí oṣù méje sẹ́yìn ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ti ń ṣe ètò kan lórí fóònù, tí àwọn oníbùkà àti àwọn tí ń se oúnjẹ òde àríyá yóò fi máa ra ata, tòmátò àti àlùbọ́sà láti ọjà Bódìjà láìjẹ́ pé wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn débẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo mọ ọjà, nítorí pé ìyá mi ti ń ta ata níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. A ti ṣe é dé ibi tí ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n ènìyàn mọ́kànlá péré ni ó tíì fi ra nǹkan, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí.

Kò sí ẹni tí ó ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ rí nínú àwa méjèèjì, ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ibi tí wọ́n ti lè kọ́ wa. Mẹ́ta ni ó wà níwájú wa báyìí. Ọ̀kan ni ti Tony Elumelu Foundation, tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Èkejì ni ti Y Combinator ní Amẹ́ríkà, tí ó ń fúnni lówó ṣùgbọ́n tí ó ń gba ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ẹni. Ẹ̀kẹta ni ó ń kọ mí lóminú: àwọn kan ní Èkó ní kí a san ₦150,000, wọ́n á kọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n á sì fi wá mọ àwọn olùdókòwò ní ọjọ́ ìkẹyìn. Èyí gan-an ni ọ̀rẹ́ mi fẹ́. Ó ní owó náà kéré tí a bá fi wé ohun tí a máa rí níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba irú ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí a wò kí a tó mú ọ̀kan?

Ẹ̀gbọ́n Yábàá

Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin àbúrò mi. Mo ti gba inú ètò méjì kọjá, mo sì ti bá wọn jókòó níbi tí wọ́n ti ń yan àwọn tí wọn yóò gbà sí ẹ̀kẹta, nítorí náà mo mọ tinú-tòde rẹ̀ díẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wọn ń jẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tí oníkálukú wọn ń tà yàtọ̀ síra, ohun tí wọ́n ń gbà padà sì yàtọ̀.

TEF, ìyẹn Tony Elumelu Foundation, ń kọ́ni, ó sì ń fúnni lówó láì gba ìpín kankan. Ọdún 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìlérí pé àwọn yóò ná 100 mílíọ̀nù dọ́là lórí 10,000 oníṣòwò jákèjádò Áfíríkà láàárín ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá parí ẹ̀kọ́ orí ayélujára wọn, tí ó sì yege nínú ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ni ó ń gba 5,000 dọ́là, wọn kì í sì í gbà á padà. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ó lé ní 20,000 ènìyàn tí ó kọ̀wé, 1,000 ni wọ́n sì mú. Lọ́pọ̀ ọdún, ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ṣí ìlẹ̀kùn ìkọ̀wé, wọ́n á sì tì í ní ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà. Ẹ má ṣe dúró di alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, nítorí pé ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kú sí mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ nìyẹn.

Ti Y Combinator gba ìṣirò. Paul Graham, Jessica Livingston àti àwọn méjì mìíràn ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2005, oṣù mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà sì máa ń jẹ́. Láti 2022, 500,000 dọ́là ni wọ́n ń fi sínú ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kà á sí owó kan ṣoṣo. 125,000 nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ra ìpín 7 nínú ọgọ́rùn-ún. 375,000 tí ó kù wà lórí ìwé tí wọ́n ń pè ní SAFE, tí kò tíì sọ iye ìpín tí yóò dà. Ó di ọjọ́ tí olùdókòwò mìíràn bá díye lé ilé-iṣẹ́ yín kí ó tó di ìpín. Bí ẹni náà bá dá a lé mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là, 375,000 yẹn yóò súnmọ́ ìpín 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá dá a lé mílíọ̀nù mẹ́wàá, yóò jẹ́ ìdajì ìyẹn. Ẹ fi bírò ṣe é lórí tákàdá kí ẹ fi ojú ara yín rí ohun tí ó ń kúrò lọ́wọ́ yín.

Mi ò fi èyí sọ pé kò dára o. Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀, ni ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà síbẹ̀, ní 2016, nígbà tí Stripe, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, sì rà á ní oṣù Ọ̀wàrà 2020, ìròyìn gbé e pé owó náà lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ṣùgbọ́n oníbàárà mọ́kànlá tí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ mọ̀lẹ́bí kò tíì tó ohun tí ènìyàn ń gbé lọ síwájú wọn. Ẹ̀kọ́ orí ayélujára wọn tí wọ́n ń pè ní Startup School, ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í sì í gba ìpín lórí rẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìyẹn lálẹ́ òní.

Ohun tí èmi fi ń mọ ètò tí ó pójú owó ni iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé lé ènìyàn lọ́wọ́ lẹ́yìn tí kíláàsì bá tú. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní I-Corps, tí àjọ National Science Foundation ti ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 2011 fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó fẹ́ sọ ìwádìí wọn di òwò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méje, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ bá ó kéré tán 100 ènìyàn tí ó lè ra ohun tí wọ́n ń ṣe, kí wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì padà wá jíyìn. Ẹ̀yin ńkọ́? Oníbùkà mélòó ni ẹ ti bá jókòó kí ẹ tó kọ ètò orí fóònù yín?

Ìyá Aránṣọ

Ọmọ mi, mo kí ọ. Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gba ọmọṣẹ́. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó mọ Amẹ́ríkà.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ kì í jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí a tó ní kó lọ dá dúró. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ń gbá ṣọ́ọ̀bù, ó ń lọ aṣọ, ó ń já òwú, etí rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ mi bí mo ṣe ń bá oníbàárà dúnàádúrà. Àwọn tí ó gba òmìnira lọ́dọ̀ mi pọ̀, gbogbo wọn ni ó sì mọ aṣọ rán. Àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn ṣì ń ṣí lónìí ni àwọn tí ó mọ bí a ṣe ń sọ fún oníbàárà pé aṣọ rẹ̀ kò ní jáde ní Sátidé tí kò sì ní fìbínú gba yáàdì rẹ̀ padà. Mi ò rí i kí wọ́n kọ ìyẹn sí ojú pátákó.

Nítorí náà, ìbéèrè tèmi kò pọ̀. Ta ni ọ̀gá tí yóò kọ́ yín níbi tí wọ́n ti ń gba ₦150,000 yẹn? Ṣé ó ti tajà rí, tàbí ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń tà? Bí ẹ bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ fẹ́ fi kẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ fi ọ̀sẹ̀ kan bá oníbùkà kan gé àlùbọ́sà. Ọ̀fẹ́ ni.

Ará Lomé

Ẹ jẹ́ kí n gbè ìyá lẹ́yìn pẹ̀lú ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nílùú tí mò ń gbé. Lomé ni mo wà, ní Tógò, níbi tí àwa Ànàgó ti ń ṣòwò láti ayébáyé. Àwọn olùwádìí kan, tí David McKenzie ti Báńkì Àgbáyé àti Michael Frese tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá wà lára wọn, mú 1,500 oníṣòwò kéékèèké níbí, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta bí ẹni ṣẹ́ kèké. Wọ́n kọ́ 500 ní ẹ̀kọ́ òwò bí a ti mọ̀ ọ́n: ìṣirò owó, ìpolówó ọjà, ìtọ́jú òṣìṣẹ́. Wọ́n kọ́ 500 mìíràn ní ohun tí a lè pè ní ìfúnra-ẹni-ṣe: bí ènìyàn ṣe ń dá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀ láì dúró de ẹni tí yóò tì í, bí ó ṣe ń wo ewu tí ó ń bọ̀ lọ́nà kí ó tó dé, bí ó ṣe ń yà kúrò lára ohun tí gbogbo aládùúgbò rẹ̀ ń tà, àti bí kò ṣe ní ká ọwọ́ sókè nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Wọn kò kọ́ 500 tí ó kù ní nǹkan kan.

Wákàtí 36 ni ẹ̀kọ́ méjèèjì gbà, lẹ́yìn náà ni olùkọ́ ń bẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wò ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún oṣù mẹ́rin. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2017. Èrè àwọn tí ó kọ́ ìfúnra-ẹni-ṣe fi 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí a kò kọ́ lọ. Ti àwọn tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ òwò lásán fi 11 jù ú lọ, èyí tí ó kéré débi pé àwọn olùwádìí náà kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀kọ́ náà ni ó fà á. Láàárín àwọn obìnrin, ìyàtọ̀ náà tún fẹ̀ sí i: 40 sí 5.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú bí mi díẹ̀, nítorí pé mo ti fi ọdún méjì kọ́ àwọn ènìyàn ní bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ìṣirò owó. Mo ṣì gbà pé ìṣirò ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá fi ìwé ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ hàn mí, ibi tí ojú mi kọ́kọ́ ń lọ ni bóyá olùkọ́ yóò wá bá ọmọ ẹ̀kọ́ ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí kíláàsì bá parí. Àwọn tí ń ṣe ìyẹn kò pọ̀.

Oníbúrẹ́dì Ìjẹ̀bú

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó sọ̀rọ̀ tán yìí, ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ nípa owó. Ní 2011, nígbà ayé Ààrẹ Jonathan, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò YouWiN! kalẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,000 ènìyàn tí ó kọ̀wé. Wọ́n mú 6,000, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ ìwé ètò òwò, wọ́n sì fún 1,200 nínú wọn lówó, tí ó súnmọ́ 50,000 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá pín in dọ́gba. Wọn kì í kó o léni lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n pín in sí, ẹni tí kò bá sì tíì ṣe ohun tí ó ní òun yóò ṣe kò ní rí ti ẹ̀ẹ̀kejì. Mo wà lára 6,000 yẹn. Mi ò sí lára 1,200.

McKenzie yìí kan náà ni ó wádìí rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí ó ṣeé wádìí ni pé kèké ni wọ́n fi mú púpọ̀ nínú àwọn tí ó jẹ, lára àwọn tí ó ti dé ìpele tí ó kángun sí òpin, nítorí náà ẹni tí ó jẹ àti ẹni tí kò jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Àwa méjèèjì ni wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin kọ́. Owó nìkan ni ó yà wá. Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, láàárín àwọn tí òwò wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn kọ̀ọ̀kan, àwọn tí òwò wọn ń lọ lọ́wọ́ fi ènìyàn 37 pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó gba owó ju ti àwọn tí kò gbà á lọ.

Èmi dá ilé búrẹ́dì tèmi sílẹ̀ níkẹyìn, pẹ̀lú owó èsúsú àti ìyàwó mi tí ó ta ilẹ̀ kan. Ó gbà mí ní ọdún márùn-ún. Ìwé ètò òwò tí wọ́n kọ́ mi kọ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo sì máa ń wò ó nítorí ìṣirò ìyẹ̀fun tí ó wà ní ojú ewé kẹrin. Nítorí náà, bí ètò kan bá wà tí ó ń kọ́ni tí ó sì ń fúnni lówó láì gba ìpín, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìyẹn kí ẹ tó rò ó síwá sẹ́yìn.

Ẹni tó ti sanwó rí

Mo fẹ́ sọ tèmi lórí ₦150,000 yẹn. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo san ₦80,000 fún irú ètò bẹ́ẹ̀, owó iṣẹ́ oṣù méjì ni lọ́wọ́ mi nígbà náà. Yàrá náà tutù, wọ́n fún wa ní ìwé àkọsílẹ̀ tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀, a sì ya fọ́tò púpọ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn olùdókòwò ń bọ̀, ènìyàn méjì ni ó wá. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tí ń darí ètò náà, èkejì sì pín káàdì fún gbogbo wa lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ tán: ó ń ta ìwé adójútòfò. Mo ra ọ̀kan, nítorí ojú tì mí láti kọ̀.

Láti ìgbà náà, ohun mẹ́ta ni mò ń béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Mò ń béèrè orúkọ gbogbo àwọn tí ó ṣe ẹ̀kọ́ náà ní ọdún méjì sẹ́yìn, kì í ṣe ti àwọn mẹ́ta tí wọ́n fi ń polówó, èmi fúnra mi ni mo sì máa ń mú ẹni tí n óò pè. Mò ń béèrè lọ́wọ́ àwọn yẹn bóyá ìlérí ọjọ́ ìkẹyìn ṣẹ. Mo sì ń béèrè bóyá mo lè san ìdajì ní ìbẹ̀rẹ̀ kí n sì san ìdajì tí ó kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta. Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń já fóònù mọ́ni létí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Yábàá

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí a má fi gbogbo wọn sínú àpò kan. Àwọn ibi tí orúkọ wọn mọ́ wà tí ó ń gba owó. Founder Institute, tí Adeo Ressi dá sílẹ̀ ní 2009 tí ó sì ti ní ẹ̀ka ní Èkó, ń gba owó ẹ̀kọ́, ó sì ń béèrè ìpín díẹ̀ lórí rẹ̀. Ibùdó tí Pan-Atlantic University ti ń kọ́ àwọn oníṣòwò ní Èkó náà ní ẹ̀kọ́ tí a ń sanwó fún àti èyí tí ẹlòmíràn ń san owó rẹ̀. Ní òdìkejì, MEST ní Accra, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ń kọ́ni fún bí ọdún kan lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì ti gba ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní òwò nílẹ̀ ní Ìbàdàn kò lè fi í sílẹ̀ fún ọdún kan. Ẹ tún lè yọjú sí ibùdó CcHUB ní Yábàá, èyí tí Bosun Tijani, tí ó di mínísítà ní 2023, àti Femi Longe dá sílẹ̀. Ẹ kàn lọ jókòó níbẹ̀ kí ẹ bá àwọn tí ó ti ṣáájú yín sọ̀rọ̀.

Agbẹjọ́rò Abẹ́òkúta

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ẹnikẹ́ni kò tíì bi àwọn ọmọ yìí ohun tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo ti rí ilé-iṣẹ́ tí ó wọ ètò ńlá, tí ó sì túká níbẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó so àwọn tí ó dá a sílẹ̀ pọ̀. Ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta yìí kí ẹ tó kọ̀wé síbikíbi tí ó ń gba ìpín.

Ẹ wo ohun tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tí ń forúkọ òwò àti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Orúkọ òwò lásán kò ní ìpín tí ẹnikẹ́ni lè rà. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó ní ìpín ni olùdókòwò lè wọ inú rẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ tí a ń pè ní CAMA 2020 gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá irú rẹ̀ sílẹ̀, àpapọ̀ ìpín rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ₦100,000. Òfin Startup tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Ọ̀wàrà 2022 náà ní ohun tí ó béèrè: ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ jẹ àǹfààní rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ, ó sì kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́ta ìpín rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tí ó wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí ìpín yín máa di tiyín díẹ̀díẹ̀. Àṣà tí àwọn olùdókòwò mọ̀ ni ọdún mẹ́rin, tí ènìyàn kò ní rí nǹkan kan gbà bí kò bá pé ọdún kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ pín in ní àádọ́ta-àádọ́ta. Bí ọ̀rẹ́ yín bá rí iṣẹ́ ní Kánádà lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, kò mú nǹkan kan lọ. Bí ó bá lọ lẹ́yìn oṣù méjìdínlógún, 18 nínú oṣù 48 ni ó ti ṣe, 18.75 nínú àádọ́ta rẹ̀ ni yóò mú dání, èyí tí ó kù yóò sì padà sínú ilé-iṣẹ́. Bí kò bá sí ìwé yìí, ó lè máa gba ìdajì èrè yín láti Toronto títí ayé, òfin yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ètò orí fóònù tí ọ̀rẹ́ yín kọ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Èyí máa ń dun àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nítorí náà ìwọ tí o mọ ọjà ni kí o fi sùúrù sọ ọ́.

Ará Peckham

Fún àwọn tí ó ń ka èyí láti ìlú ọba: ètò Start Up Loans ti ìjọba wà níbí láti 2012, ó ń yáni ní £500 títí dé £25,000, pẹ̀lú ẹni tí yóò máa tọ́ yín sọ́nà. Ẹ rántí pé orí yín ni gbèsè náà wà, kì í ṣe orí ilé-iṣẹ́. Bí òwò bá kú, ẹ̀yin ni ẹ ó máa san án. Àbúrò mi tí ó wà ní Houston ń lọ sọ́dọ̀ SCORE, àwọn àgbà oníṣòwò tí ó ti ń fi àkókò wọn gba àwọn ẹni tuntun nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1964. Kò sí owó níbẹ̀ o, àmọ̀ràn lásán ni, ṣùgbọ́n ó ní ọkùnrin tí wọ́n yàn fún òun ti ta ẹran dídì fún ọgbọ̀n ọdún.

Aláta Bódìjà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ṣe bí Ìyá Aránṣọ ṣe wí. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń lọ sí bùkà kan ní Mọ́kọ́lá ní agogo márùn-ún ìdájí, mo ń gé àlùbọ́sà, mo ń fọ ìkòkò.

Ní ọjọ́ kẹta ni màmá tí ó ni bùkà náà mú ìwé kan jáde lábẹ́ àpótí tí ó ń jókòó lé. Ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ó fi òwú so bírò mọ́ ọn. Orúkọ àwọn aláta mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀, iye owó sì wà ní abẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ilà kọjá lórí wọn bí ó ti ń san án. Mo fi ètò tiwa hàn án lórí fóònù mi, mo ní kò tún ní nílò láti lọ sí Bódìjà mọ́. Ó wò ó dáadáa. Ó ní, "Ọmọ mi, mo mọ ọ̀nà Bódìjà. Àwọn mẹ́rin yìí ń gbé e wá bá mi. Wọ́n ń gbé e sílẹ̀ láàárọ̀, mo ń san án lálẹ́ nígbà tí mo bá tajà tán. Ṣé fóònù tìẹ náà lè dúró di alẹ́?"

Mi ò lè dáhùn. Oṣù méje ni a fi kọ ètò tí ó ń béèrè owó kí ọjà tó kúrò lọ́jà. Mo ti bá oníbùkà mẹ́sàn-án mìíràn sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, méje nínú wọn ni ó ní irú ìwé yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Yábàá

Ẹ ti kọ́ ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Èkó kò ní kọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí ẹ bá ń tajà láwìn, ẹ̀yin ti di ayánilówó nìyẹn, 5,000 dọ́là sì lè tán sínú ìwé gbèsè láàárín oṣù kan. Ẹ fi oníbùkà márùn-ún bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wá alájọ tí ó ti ń rìn ní àdúgbò náà lálaalẹ́, kí ó máa bá yín gba owó pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ó mọ ẹni tí ń san àti ẹni tí ń sá. Ohun tí ẹ bá rí láàárín oṣù kan ni kí ẹ kọ sínú ìwé TEF, pẹ̀lú iye tí ó padà wọlé àti iye tí kò wọlé.

Aláta Bódìjà

Ohun tí a fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn, ẹ ṣeun. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti gbà pé a kò ní san ₦150,000 náà. Ó béèrè orúkọ àwọn tí ó ti ṣe é rí lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì tíì fèsì. Ó kù ìbéèrè kan fún Agbẹjọ́rò: a ti fẹnu kò sí ọdún mẹ́rin yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ní ó dùn òun pé oṣù méje tí òun ti fi òru ṣe yóò ṣòfò. Ọjọ́ wo ni a ó kọ sí ìwé?

Agbẹjọ́rò Abẹ́òkúta

Kò ní ṣòfò. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí kíkà yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i sí ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ku oṣù márùn-ún kí ọdún àkọ́kọ́ pé fún ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn. Ẹ mú ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan dání, kí ó má sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí.